Àga Méjì

Ápò ni ṣọ́ọ̀bù wa wà l'Ábùjá,
àmọ́ àpò tiwa, ó ti lu.
Ilẹ̀ ti ṣú. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
mo ṣí ìwé ìnáwó tí ọ́ìlì ti rin létí:
táyà mẹ́jọ. Sọ́kù ẹ̀yìn méjì, ọ̀kan ń jò.
Epo. Oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ márùn-ún.
Ilé tí a ó sùn sí ní Bàkín Ládì.
Owó ìforúkọsílẹ̀, èyí tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Mo ṣírò látòkè, mo ṣírò látìsàlẹ̀,
àròpọ̀ jókòó sídìí ìwé, ó dógò tì mí.

Tànímù ni dírẹ́bà wa, ọmọ Kàgórò,
irun imú rẹ̀ pàápàá ti funfun.
Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá ọkọ̀ yìí jìyà.
Yóò yọ orí lójú fèrèsé, yóò fa erùpẹ̀ símú,
yóò ní, "Ibi tí à ń lọ yìí ń yọ̀."
A ó débẹ̀, a ó bá a tó ń yọ̀.
Ó mọ òkúta tí òjò àná ṣí nípò.
Ohun tí kò ní ni bàbá tó ń ta síméńtì.

Láwálì ní ọ̀kan.
Ọmọ Màìtámà, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.
Bàbá rẹ̀ fi àpòòwé kan ránṣẹ́, ó dún gbì lórí tábìlì:
"Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi di sítíárì mú."
Inú àpòòwé yẹn ni táyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà,
sọ́kù wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀.
Ká ní ọmọ náà burú ni, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn.
Kò burú. Ó bọ́ bàtà kó tó wọ ọkọ̀,
ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó kàn ń sáré bí ẹni tí kò ra táyà rí ni.

Mẹ́ta ni wá. Àga méjì ni mọ́tò ní.
Láti ọdún méje, èmi ni mò ń ka ọ̀nà fún Tànímù,
èmi ọmọ Òkèhò tí wọ́n ní kó lọ kọ́ ìṣirò owó.
Ohùn mi ló ń gbọ́ nínú akoto:
"Òsì, ó kọ́rọ́. Dúró. Afárá. Rọra. Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Mo mú pẹ́ńsù. Mo kọ Láwálì sí àga kìn-ín-ní.
Mo kọ Tànímù sí àga kejì,
kí ọmọ náà lè ní etí,
kí àgbà má baà jókòó sílé
bí mọ́tò tí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀.
Tànímù wo ìwé náà, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ìwọ wá ńkọ́?"
Mo ní, "Ẹni tó ń kà kì í ka ara rẹ̀ mọ́ ọn."
Kò dúpẹ́, kò bínú.
Ó ní, "Yá mi ní awò ojú rẹ.
Láti ọjọ́ yìí, mi ò kàwé nínú mọ́tò rí."

Ọyẹ́ ń mú ní Bàkín Ládì lówùúrọ̀ Sátidé,
omi dákẹ́ nínú kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀.
Mo dúró níbi òpin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ànàmọ́,
aago lọ́wọ́, rédíò létí.
Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i.
Ẹnu mi ń mì: "Òsì, ó kọ́rọ́. Dúró..."
Ọkọ̀ náà yọ, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn,
ẹ̀yìn rẹ̀ fẹnu ko òkúta,
eruku bo gbogbo wa.
Mo tẹ aago. Mo gbé e sójú.
Mi ò rí nǹkan kan kà.

Ọmọdébìnrin kan tó ń hú ànàmọ́
nu ọwọ́ sára aṣọ, ó bá mi wò ó.
Ó kà á ní Háúsá, mò ń yí i sí Yorùbá nínú orí.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni wọ́n fi yá
ju èmi àti Tànímù lọ lésìí.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà, torí ojú.
Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo kọ: sọ́kù ẹ̀yìn, ọ̀kan.